Sísọ́ọ̀sì Tó Máa Ń Já Bọ́

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni o. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bó bá sì jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ẹ óò rò pé ṣe ló ń bẹ aṣọ kó gbà kí òun rán an. Télọ̀ ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì gbéyàwó, àwọn oníbàárà obìnrin sì ti fi ìyẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú àwọn fúnra wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í lọ ní jẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì máa ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni mò ń wí, irin gidi, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ télọ̀ mọ̀ pé èèyàn kì í fi irú rẹ̀ ṣeré, torí bó bá já bọ́, ó lè má gé aṣọ dáadáa mọ́. Síbẹ̀, ti Jẹ́jẹ́ máa ń bọ́ lu sìmẹ́ńtì, gbàǹgàlà! lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ọ̀gá rẹ̀ á yọ orí látẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn obìnrin, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irú ọwọ́ wo nìyẹn?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀, á gbé e.

Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí obìnrin bá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nìkan ni sísọ́ọ̀sì yìí máa ń já.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé láti òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe dígí ojú. Òun ló ń fi ẹ̀rọ lọ dígí náà títí á fi bá ojú èèyàn mu, torí náà Onídígí ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ rán kóòtù funfun méjì tí á máa wọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀gá fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, bó ṣe máa ń pàdé gbogbo èèyàn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. "Wọlé síbí, ọmọ mi," ló wí, ó ká aṣọ ìkélé.

Jẹ́jẹ́ ń gé ṣòkòtò lọ́wọ́. Ó mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń wọn kóòtù. Èjìká, àyà, apá, gígùn, ó tán. Ó fetí sílẹ̀. Ìṣẹ́jú tó yẹ kọjá, òmíràn gun orí rẹ̀. Ó gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ní, "Ṣé ẹ ò tíì wọn ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, sà?" Ohùn náà kéré. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ kọjá etí tábìlì, ó sì la àtẹ́lẹwọ́.

Gbàǹgàlà!

Onídígí jáde kíá, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ó wo sísọ́ọ̀sì nílẹ̀, ó wo ọwọ́ Jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Jẹ́jẹ́ sọdá títì. Ó ní abẹ́rẹ́ ti ń nira fún òun láti fi òwú sí. Irọ́ ni. Ó ti ń wo Onídígí láti ojú fèrèsé láti ìgbà yẹn, bó ṣe máa ń gbé dígí sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí á pa ojú kan dé. Oúnjẹ ọ̀sán Jẹ́jẹ́ a sì máa tutù níwájú rẹ̀.

"Ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn," Onídígí wí.

Ó kà á.

"Ka tòkè."

Ó kà á láìṣì.

"Ojú rẹ dáa ju tèmi lọ. Jẹ́ n wo ọwọ́ rẹ." Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ síwájú rẹ̀. Kò gbọ̀n rárá. "Ojú dáa, ọwọ́ dáa. Kí ló wá ń ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kiri?"

Ibẹ̀ gan-an ni ì bá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, Onídígí á kúrò níwájú òun, kò sì ní padà wá mọ́. Ló bá fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀.

"Bóyá ṣe ló ń ṣubú kí o lè wo ọ̀dọ̀ mi."

Onídígí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú tirẹ̀ nù. "Ẹlẹ́nu dídùn! Wọ́n ní jẹ́jẹ́ ni ẹ́, èmi ò rí jẹ́jẹ́ kankan níbí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ rán ẹ̀wù kan fún un láìwọ̀n ọ́n, ó sì bá a mu géérégé. Nígbà tó bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní òun ti ń wo ẹni tó ń sọdá títì láti bí oṣù mẹ́rin. Ọdún kan kọjá báyìí. Wọ́n ti ń pe ara wọn lórúkọ tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ gbọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, Bàbá Onídígí kọ̀. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì péré ló kù tó ní: Onídígí àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ jókòó, ó sì wò ó látòkè délẹ̀.

"Ta lèèyàn rẹ?"

"Bàbá mi ti kú, sà. Ìyá mi náà. Ọ̀gá mi ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá."

"Èmi ò fẹjọ́ pé o ò lówó. Ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti ọmọ mi, ta ni màá pè? Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè bá a wí."

Ọ̀gá gbọ́, ó ní kí Jẹ́jẹ́ fi í sílẹ̀ fún òun. Ó wọ aṣọ tó dáa jù tó ní, ó lọ bá Bàbá, ó sì lo gbogbo ọ̀sán níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro. Nígbà tó máa fi dìde, Bàbá ti ń pè é ní àna mi. Wọ́n dá ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì á jókòó. Ọ̀gá ní òun lòun máa dúró bíi bàbá ọkọ, gbogbo aṣọ ìyàwó àti ti àbúrò ìyàwó sì di ẹ̀bùn òun.

Inú Jẹ́jẹ́ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló jókòó tì í nígbà tí ibà fẹ́ẹ́ pa á. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, òun ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí Àbúrò bá wá. Ó ní kí Àbúrò wá lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ti pọ́n sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ dè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá rán an lọ ra bọ́tìnnì níbi tó jìnnà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ sì tètè ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, Ọ̀gá wà nídìí máṣíìnì, ó ń kọrin sínú. Agbòòrùn Àbúrò wà nílẹ̀ lẹ́bàá aṣọ ìkélé. Òjò ń rọ̀ níta, ọmọbìnrin náà sì ti lọ láìmú un.

"Àbúrò ìyàwó rẹ yára bí ẹyẹ," Ọ̀gá wí. "Mi ò tiẹ̀ tíì wọ̀n ọ́n tán tó fi jáde."

Jẹ́jẹ́ gbé agbòòrùn náà, ó gbé e kọ́ sára ìṣó. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó yí padà. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun rí? Òun ò rí nǹkan kan. Ó wá rántí pé láti ọdún mẹ́fà ni òun ti ń ṣe é tí òun ò fi ní rí nǹkan kan. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Ọ̀gá jáde lọ jẹun ọ̀sán, Onídígí wọlé. Kò kí i. Ó mú awò kékeré kan jáde nínú àpò kóòtù rẹ̀, èyí tó fi ń wo ara dígí bóyá nǹkan ti ha á.

"Gbé sísọ́ọ̀sì yẹn fún mi."

Jẹ́jẹ́ gbé e fún un. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó fi awò sójú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ọ̀dà dúdú wà, ó ti bó káàkiri. Ibì kan ti dípẹtà, ibì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pupa, ibì kan ṣì ń dán.

"Mẹ́tàdínlógún," ó wí. "Àbí mo ṣì í kà?"

"O ò ṣì í kà."

"Èwo ni tèmi?"

Jẹ́jẹ́ ì bá sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ kó tó ronú. "Eléyìí."

Onídígí wo àpá náà pẹ́. "Mo rántí. Mo ń bi ara mi lọ́jọ́ náà pé ṣé bí àwọn télọ̀ ṣe ń wọn èèyàn nìyẹn, àbí èmi ni mò ń ro ìròkurò. Nǹkan sì já lulẹ̀, mo jáde. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan kan." Ó gbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì. "Àbúrò mi ti sọ ohun tí ọ̀gá rẹ ṣe sí i fún mi. Òun ò ní àpá kankan níbí. O mọ ìdí rẹ̀?"

"Mi ò sí nílé."

"O ò sí nílé. Ṣé o rí i? Ìwọ lo pinnu pé ìgbà tí o bá wà níbẹ̀ nìkan ni obìnrin máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wá lọ́jọ́ tí o lọ ra òwú ńkọ́? Àwọn tó wá lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe ẹ́?"

"Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

"O ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ." Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mo sì bi ọ́. Mo fi ẹnu ara mi bi ọ́ pé kí ló ń ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. O ní kí n lè wo ọ̀dọ̀ rẹ ni. O jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín sí i. O jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jókòó sórí àga bàbá mi."

Ó mú agbòòrùn àbúrò rẹ̀ lára ìṣó. Ní ẹnu ọ̀nà ó ní, "Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ ni. Má tíì wá sọ́dọ̀ mi."

Nígbà tí Ọ̀gá padà dé, Jẹ́jẹ́ ti tú aṣọ ìkélé náà sílẹ̀. Ó ti ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wà ní ìdúró.

"Kí lèyí?" Ọ̀gá bi í.

"Ọ̀gá, sísọ́ọ̀sì kì í já bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo máa ń jù ú sílẹ̀."

Ojú Ọ̀gá yí padà díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì padà wá. "Mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wó Jẹ́jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ọdún mẹ́fà tó ti rò pé òun ń dẹ́rù ba Ọ̀gá, ṣe ni Ọ̀gá mọ̀ pé ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

"Ẹ mọ̀."

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́. O ò fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́, mo sì mọrírì rẹ̀. Gbé aṣọ yẹn kọ́ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n lọ bá ọ jókòó níwájú àna rẹ. Láìsí èmi, ta ni èèyàn rẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ó dáa, o mọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má bá mi lọ." Jẹ́jẹ́ mú téèpù rẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì náà. "Mo máa sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹgbẹ́ télọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín lójú ni, torí ẹ̀yin lẹ tọ́ mi."

Ó jáde. Ó sunkún lójú títì, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹgbẹ́ télọ̀ pàdé ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin méjìlélógún nínú yàrá kan. Jẹ́jẹ́ dìde. Kò dárúkọ obìnrin kankan. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni òun mọ̀ tí òun sì dákẹ́, ó sọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹnì kan ní ṣé bí wọ́n ṣe ń san oore nìyẹn. Òmíràn ní ó kàn fẹ́ gba oníbàárà Ọ̀gá ni.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, bàbá arúgbó kan tó ń rán aṣọ ìsìnkú, gbé ọwọ́ sókè. Kò dìde. Ó ní, "Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, èmi a máa wúkọ́."

Wọ́n wò ó.

"Bí ọ̀gá mi bá pẹ́ jù nínú yàrá, mo máa ń wúkọ́. Wọ́n tiẹ̀ ra oògùn ikọ́ fún mi."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ohùn kan tún wá láti ẹ̀yìn. "Èmi máa ń yí rédíò sókè ni." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ní òun máa ń kan ilẹ̀kùn, òun á ní òun ń wá ṣọ́ọ̀kì. Wọn ò lè wo ojú ara wọn. Gbogbo wọn ló ti mọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ariwo kékeré tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ rí. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé télọ̀ ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọn obìnrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé mọ́, pé obìnrin náà ni á fi ọwọ́ ara rẹ̀ di téèpù mú tí télọ̀ á kàn máa ka nọ́ńbà, àti pé ẹni tó bá rí nǹkan gbọ́dọ̀ wí. Wọ́n yọ Ọ̀gá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọkùnrin márùn-ún kọ̀, wọ́n sì fìbínú jáde.

Jẹ́jẹ́ ò lọ sọ́dọ̀ Onídígí. Ó kàn dúró sójú títì, lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀, títí Onídígí fi jáde.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," Jẹ́jẹ́ wí. "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Àbúrò pé bó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, màá bá a lọ, màá sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Bí kò bá fẹ́, ẹnu mi ò ní dárúkọ rẹ̀ láé. Òun ló máa yàn án."

"Màá sọ fún un." Ó fẹ́ máa lọ, ó dúró. "Mo gbọ́ nípa ẹgbẹ́. Ṣé o jẹun lónìí?"

"Rárá."

"Lọ jẹun," ó wí, ó sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni Jẹ́jẹ́ fi gbé ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ránṣọ nínú yàrá rẹ̀ lórí máṣíìnì àtijọ́ kan, ó ń fetí sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àbúrò kan ilẹ̀kùn, Onídígí wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Àbúrò wí, "ẹ wọ bàtà yín."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló kọ ọ̀rọ̀ Àbúrò sílẹ̀, ó sì kọ ti Jẹ́jẹ́. Ó bi í pé láti ìgbà wo ni ó ti mọ̀, ó ní ọdún mẹ́fà, obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó kó tó kọ ọ́. Wọ́n gba sísọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sínú ọ̀rá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹjọ́ náà ṣì ń lọ títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ní ọ̀nà ilé, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá títì, Onídígí na ọwọ́, ó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọdá tán.

Ọjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ pé. Jẹ́jẹ́ rò pé kò yẹ kí òun lọ. Onídígí ní, "Bàbá ò sọ pé ká má wá. Wọn ò sì sọ pé ká wá. Wá."

Bàbá ti to àga sí ọ̀nà méjì nínú pálọ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní apá kan. Ní apá kejì, àga mẹ́rin, òfìfo. Jẹ́jẹ́ wọlé nìkan, ó kí i, ó jókòó sórí ọ̀kan, mẹ́ta ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi," Bàbá wí. "O mọ̀ fún ọdún mẹ́fà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀ pé mò ń pe ọkùnrin yẹn ní àna, o sì dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ máa bínú. Ó yẹ kí ẹ bínú."

"Mo bínú." Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ti gbó sí i láàárín oṣù kan yìí. "Ọ̀rọ̀ tí mo bi ọ́ lọ́jọ́ kìíní náà ni mo ṣì ń bi ọ́. Ta lèèyàn rẹ?"

"Kò sí, sà. Èmi nìkan ni."

Onídígí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àbúrò dìde ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Ó gba àárín pálọ̀ kọjá, ó fa àga kan nínú àwọn tó ṣófo súnmọ́ ti Jẹ́jẹ́, ó sì jókòó.

"Èmi lèèyàn wọn, Bàbá."

Bàbá wò ó. "Ìwọ?"

"Èmi."

"Bí ọ̀rọ̀ bá wá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ ni màá pè?"

"Ẹ ò tiẹ̀ ní pè mí," Àbúrò wí. "Àwọn fúnra wọn á ti wá sọ fún yín."

Bàbá yí ojú sí Jẹ́jẹ́. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, sà," Jẹ́jẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ẹni tó ń kọjá lójú títì á gbọ́.

Bàbá mú dígí ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."